Ilé Àjòjì Kì Í Kanlẹ̀

Àlá tí mo lá mọ́jú òní, n kò lè gbé e mì. Ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín, torí bí mo bá mu ẹ̀kọ lé e lórí, ó lè lọ.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé èmi àti Fáníran aládùúgbò mi kì í kí ara wa. Òun ló hú pèrègún tí bàbá mi gbìn sí ààlà wa, tó lọ tún un gbìn sí ẹ̀yìn ilé ìdáná mi, tó wá ní ibẹ̀ ló ti wà láti ìgbà láéláé. Baálẹ̀ bẹ̀ mí, àlùfáà bẹ̀ mí. Mo ní mo ti gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Mo ti búra pé kí n tó kú, màá ní ilé kan tí n kò ní bá ẹnikẹ́ni pààlà.

Lójú àlá, ilé náà ni mò ń lọ rà lókè òkun. Àga gbọọrọ iwájú ilé mi ni mo wọ̀. Ó kàn dìde ni, ó ní, "Bàbá Ìyùn, ẹ kó agbádá yín mọ́ra, òkun ló kàn." Mo kó agbádá mọ́ra. Mo gbé ìgò ṣìnáàpù kan sórí itan, mo sì fi pèrègún mẹ́rin há abíyá, ọ̀kan fún igun ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, torí ojú mi ti là.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ta ilé, ojú òfuurufú ló wà. Okùn ewúrẹ́ ni wọ́n fi so ó mọ́ igi àgbọn kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Obìnrin kan tó wọ awò ojú ló jókòó níbẹ̀. Mo kí i, mo gbé ṣìnáàpù kalẹ̀.

"Olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ dà? Ẹ pè wọ́n, kí gbogbo ẹbí jókòó. N kì í ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kí àbúrò rẹ̀ má lọ wá bá mi lọ́la."

Ó wo ìgò, ó wò mí. "Ọmọ ìlú wo ni yín?"

"Ọmọ Ọ̀tan."

"Ọ̀tan ò sí nínú ìlú wa. Àjòjì ni yín. Àjòjì lè ra ilé níbí, kò lè ra ilẹ̀."

"Orí kí wá ni ilé á dúró lé?"

"Ìyẹn kù sọ́wọ́ ilé fúnra rẹ̀."

Ilé kan tó jókòó sí igun ọ́fíìsì, tó ń retí ẹni tí yóò rà á, dá sí i. "Ẹ má da ara yín láàmú, bàbá. Ó ti mọ́ mi lára."

Ohùn rẹ̀ tù mí lára. Mo wò ó: fèrèsé tó fẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó máa gba àga mi. Mo ní, "Ìwọ ni màá rà."

Obìnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin sí mi létí. Bó ṣe ń kà á ni irùngbọ̀n ń hù ú. Nígbà tó fi máa dé ibi tí wọ́n ti ní àjòjì kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ wọn, ìwo ti yọ, ó ti di ewúrẹ́ pátápátá, awò ojú sì wà lójú rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó ń wá nǹkan lọ́wọ́ ìjọba kì í wo ìwo. Ó na ọrùn, ó fa pèrègún mi yọ lábíyá, ó jẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ààlà yín dùn," ló wí, ó ń jẹ àpọ́jẹ. Ó wá fi pátákò tẹ òǹtẹ̀ mọ́ mi níwájú orí. "Ilé ti di tiyín."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jẹ̀gbádùn ilé yẹn lójú òfuurufú! Kò sí aládìẹ, kò sí ẹni tó ń da omi ẹ̀gbin sójú ọ̀nà ẹni. Nígbà tó di ọ̀sán, ewúrẹ́ náà dúró nísàlẹ̀, ó ké sí mi pé òjìji ilé mi ń ṣubú sórí ilẹ̀ wọn. Òótọ́ ló sọ. Mo fa òjìji náà sókè bí ẹni ń ká aṣọ sísá, mo ká a, mo fi ṣe ìrọ̀rí. Mo na gbalaja, mo ní, "Fáníran, wá wò mí."

Kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan gbá ilé mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbì! Ilé mìíràn ló fò wá. Ta ló yọjú lójú fèrèsé rẹ̀, tó fi pákò sẹ́nu? Fáníran ni.

"Bàbá Ìyùn, ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ̀yin náà ti ra ilé?"

Mo yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé mi ló dá a lóhùn: "Ẹ kú ọ̀sán, bàbá." Mo ta ògiri rẹ̀ nípàá.

Mo ní, "Fáníran, sún ilé rẹ sẹ́yìn. O ti wọ ààlà mi."

"Ààlà wo? Ẹ fi hàn mí."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Atẹ́gùn lásán ni.

Fáníran bú sẹ́rìn-ín. "Ó mà ṣe o! Nílé, ẹ rí pèrègún nàka sí. Níbí, ẹ ò tilẹ̀ ní ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí bá mi jà."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju pèrègún lọ, torí kò purọ́. Mo ní, "Dúró dè mí níbẹ̀. Mò ń sọ̀ kalẹ̀. Orí ilẹ̀ la ó ti sọ ọ́." Mo ti ẹsẹ̀ kan jáde lẹ́nu ọ̀nà. Ewúrẹ́ kígbe láti ìsàlẹ̀: "Àjòjì, má fẹsẹ̀ kanlẹ̀!"

Ohùn mìíràn tẹ̀ lé e: "Bàbá Ìyùn, ẹ má tíì fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ ni."

Mo lajú. Ìyàwó mi ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, àkísà tútù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kan ti ń rọ̀ dirodiro létí bẹ́ẹ̀dì. Mo wo ilẹ̀ náà, sìmẹ́ńtì tí èmi fúnra mi pò, ó ń dán. Mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé e, mo dìde, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

"Àbí ẹ ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Tèmi ni."

Ó sọ àkísà lù mí. Ilẹ̀ náà tutù, ó sì dùn mọ́ mi lẹ́sẹ̀.