Àǹtí Rónkẹ́ Ń Ká Òkúta Bí Aṣọ

Inú ṣì ń bí mi báyìí. Ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun ni mo wà, Àǹtí Rónkẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, ń ṣí ìpele òkúta kúrò lára ògiri, ó ń ká wọn bí ìró sínú àpótí. Ó gbé iyanrìn etíkun lé amọ̀ inú ibú, ó ti ìpele oníkarahun bọ àárín wọn.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ ti da òkun rú. Bí àwọn ìpele yìí ṣe tẹ̀lé ara wọn ló ń sọ ìtàn òkun àtijọ́. Báwo la ṣe máa mọ ìgbà tó kún àti ìgbà tó fà sẹ́yìn?"

Ó ní, "Àwọ̀ ni mo fi tò ó. Ìwọ tí o kì í palẹ̀ mọ́."

Mo fa amọ̀ náà gbà, ó ya, òkun dà jáde, Àǹtí sì ń bá mi wí pé mo ta omi sí òun láṣọ. Ìbínú yẹn ló jí mi.