Agogo Létí Òkun

Nígbà tí mo ṣí àpótí wa ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì, agogo ló kọ́kọ́ yọjú sí mi. Agogo ilé-ìwé ni, onídẹ, èyí tí ọkọ mi fi ọdún mẹ́rìndínlógójì lù kó tó fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó yọ aṣọ ìnura mi méjì sílẹ̀ nílé kí àyè lè gba agogo.

Bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, "ẹ̀yin" ni mo máa ń pè é, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò yìí, "ó" ló tọ́ sí i.

Àwọn ìbejì wa ló rán wa lọ sí erékùṣù náà fún ọjọ́ márùn-ún, wọ́n ní ká lọ sinmi. Aránṣọ ni mí. Láti ọjọ́ tí mo ti délé ọkọ, orí kàlẹ́ńdà nìkan ni mo ti ń rí òkun, ohun kan ṣoṣo ni mo sì ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí èmi àti ọkọ mi jọ wọnú rẹ̀, kí omi dé orúnkún wa, kó di ọwọ́ mi mú. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́, ó ní ó di ẹ̀yìn ìdánwò. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò tán, ó di ìgbà tí àwọn aláyẹ̀wò bá lọ. Nígbà tó yá, ó di ẹ̀yìn ìfẹ̀yìntì. Mo ti rán aṣọ búlúù kan sílẹ̀ de ọjọ́ náà, mo ń tú u, mo ń fẹ̀ ẹ́, bí ara mi ṣe ń sanra sí i.

Kí n tó bọ́ bàtà tán, ó ti lẹ táìmù-tébù mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Aago méje, wíwo igi àgbọn, ogójì ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹyẹ ayékòótọ́. Gígun òkè. Ọkọ̀ ojú omi tó ní dígí nísàlẹ̀, fún kíka ẹja. Ìsinmi kúkúrú, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Mo wá òkun títí ojú fi ń ro mí. Ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ tó kẹ́yìn pátápátá, ni mo bá a.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí òkun fi gbẹ̀yìn? Òun ló wà lẹ́yìn fèrèsé yìí."

"Ìyá Ìbejì, ẹran la fi ń parí oúnjẹ. Fara balẹ̀."

Ìfarabalẹ̀ ọdún méjìdínlógójì! Wọ́n ní ẹni tó ní sùúrù, ohun gbogbo ló ní. Èmi ní sùúrù, mi ò ní òkun.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó lu agogo nídìí igi àgbọn. Mo rò pé èmi nìkan ni màá dúró níbẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ dé. Dókítà eléyín kan ń sùn lórí ìjókòó gbọọrọ, ìwé ìròyìn bo ojú rẹ̀. Bí agogo ṣe dún gbaun, ó fò dìde, ó fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó sì wá tò sẹ́yìn mi. Oníṣòwò sìmẹ́ńtì kan gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, ó fojú wọn ara rẹ̀ mọ́ dókítà, ó sì bọ́ síwájú rẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe ń tò nílé-ìwé nìyẹn, kúkúrú níwájú, gíga lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n o. Ẹni tí wọ́n bá fi agogo tọ́ dàgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbàgbé.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ti pé ogójì. Máníjà òtẹ́ẹ̀lì di mọ́nítọ̀, ó ń kọ orúkọ àwọn aláriwo sínú ìwé tó yẹ kó máa kọ orúkọ àlejò sí. Oníṣòwò sìmẹ́ńtì mú lẹ́tà wá, ó ní ìyàwó òun ló kọ ọ́ nílé, pé inú ń run ọkọ òun, kò ní lè gun òkè. Ọkọ mi kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìwọ lo kọ eléyìí fúnra rẹ."

Bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ojú ọkọ mi ń dán. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, mi ò tíì rí i kí ojú rẹ̀ dán bẹ́ẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi.

Ní ọjọ́rú, ó fún wa ní ìdánwò òjijì. Àgbọn mélòó ló wà lórí igi kẹta? Dókítà eléyín ní méjìlélọ́gbọ̀n, nítorí iye eyín tó mọ̀ nìyẹn. Gbogbo kíláàsì gba òdo. Ọkọ mi ní ká tún igi àgbọn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ni igi àgbọn bá gba àkókò ayékòótọ́, ayékòótọ́ gba ti ẹja.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, mo wọ aṣọ búlúù mi. Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà, mo bá a níwájú táìmù-tébù, ó fi bírò pupa fa ìlà sórí òkun.

"Àkókò ò ní tó," ó ní. "Ìdánwò ìparí la máa ṣe. Òkun di sáà tó ń bọ̀."

"Sáà wo? Ṣebí ọ̀la là ń lọ sílé!"

"Ìyá Ìbejì, lẹ́yìn ìdán..."

Mi ò jẹ́ kó parí ẹ̀. Ó dùn mí dé egungun. Orí tábìlì ni agogo wà. Mo gbé e, mo jáde, mo sì ń lù ú bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

Mi ò wẹ̀yìn. Mo gba orí iyanrìn kọjá, mo wọnú omi. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìgbà tó dé orúnkún mi ni mo tó yíjú padà. Ogójì èèyàn ti tò sẹ́yìn mi nínú òkun, wọ́n mú pẹ́ńsù ìdánwò lọ́wọ́, kúkúrú níwájú, gíga lẹ́yìn. Ọkọ mi ló gbẹ̀yìn, pẹ̀lú táì lọ́rùn àti bàtà lẹ́sẹ̀. Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé wọn ò gbàṣẹ kí wọ́n tó gbéra.

Ó la omi kọjá wá bá mi. "Lu agogo ìparí."

"Ó ti mumi yó." Abẹ́ omi ni mo ti rì í bọ̀. Mo mì í kó rí i, kò dún.

Ó na ọwọ́ sí i. Ìgbì kan dé, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ọwọ́ mi ló rí dìmú.

"Ìyá Ìbejì," ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí kíláàsì má bàa gbọ́, "ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbìyànjú ẹ̀. Mo kọ òkun sínú táìmù-tébù, mi ò wá mọ ohun tí màá kọ sí iwájú ẹ̀. Igi àgbọn, èèyàn lè kà á. Kí ni wọ́n ń ṣe nínú òkun?"

"Wọn kì í ṣe nǹkan kan. Wọ́n kàn ń dúró ni."

"Títí di aago mélòó?"

Ohun tó ń bà á lẹ́rù láti ọdún méjìdínlógójì nìyẹn! Ẹ̀rín pa mí, ẹkún sì dé lójú kan náà. Mo fi agogo sílẹ̀ fún iyanrìn nísàlẹ̀, mo fi ọwọ́ mi kejì di tirẹ̀ mú.

Lẹ́yìn wa, oníṣòwò sìmẹ́ńtì nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ tọ̀."

Ọkọ mi wo òkun, ó wò mí.

"O ti débẹ̀," ó dá a lóhùn. Kò sì bi mí ní aago mọ́.