Bíà Inú Àgbá Àbúrò Mi

Nílé iṣẹ́ wa, bí bíà bá ti pọ́n, inú ìgò ló ń lọ tààrà. Àbúrò mi obìnrin, tó ń pọn ọtí níbẹ̀, nìkan ló bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n jẹ́ kí òun rọ bíà líle kan sínú àgbá onígi tí wáìnì ti gbé inú rẹ̀ rí, kí ó sùn síbẹ̀ fún ọdún kan. Ọ̀gá gbà, ṣùgbọ́n ó ní bí òun bá tọ́ ọ wò tí kò wọ òun lọ́kàn, àwọn yóò dà á mọ́ bíà ojoojúmọ́, ọ̀rọ̀ àgbá sì parí nìyẹn.

Èmi tí mò ń fọ ìgò níbẹ̀ máa ń rí i bó ṣe ń fi imú ti ẹnu àgbá náà, tí yóò sì fọwọ́ pa á lára bí ìyá tó ń wo ọmọ tó sùn. Ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ fún ilé iṣẹ́, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bi í léèrè. Àgbá yẹn ni ọkọ àgbà, èmi ni kékeré."

Lọ́jọ́ ìtọ́wò, ọkọ yìí kan náà fẹ́ ṣe ojúṣe. Ó rí àwọn ìgò tí ìyàwó rẹ̀ rọ bíà inú àgbá náà sí, ó ní ta ló ń fún ọ̀gá ní bíà tí kò tutù, ló bá kó gbogbo wọn sínú yìnyín láti àárọ̀. Bí àbúrò mi ṣe fọwọ́ kan ìgò, ojú rẹ̀ yí padà.

"Dádì, ẹ ti pa mí! Òtútù máa ń pa irú bíà yìí lẹ́nu mọ́, kì í jẹ́ kí òórùn rẹ̀ jáde."

"Ṣé kí n gbé e kaná ni?"

"Ṣé ọbẹ̀ ni?"

Ọ̀gá ti wọlé. Gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n: ohun tó bá sọ lẹ́yìn ife àkọ́kọ́, kì í yí i padà.

Àbúrò mi bu bíà dúdú náà sínú ife kéékèèké. Ọ̀gá gbé tirẹ̀ dé ẹnu, ni àbúrò mi bá fọwọ́ bo ife náà.

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má tíì mu ún. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dì í mú kí ó móoru díẹ̀."

Ọ̀gá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé adìẹ tó ń sàba ni mí?"

Síbẹ̀, ó dì í mú. Àwa náà dì í mú. Nígbà tó ṣe, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ti igi lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ti oyin, àti ti ṣúgà tó jóná díẹ̀. Imú ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló wá ife lọ.

A tọ́ ọ wò. Ó dùn, ó wá korò díẹ̀, bí mo sì ṣe gbé e mì, ooru tàn ká gbogbo àyà mi bí ìgbà tí èèyàn da aṣọ bora. Mo wo ọmọ ìyá mi. Ó ti mọ̀ láti ọdún tó kọjá pé báyìí ni yóò ṣe rí!

Ọ̀gá mu tirẹ̀ gbẹ. Ẹnu rẹ̀ ni gbogbo wa ń wò.

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da èyí mọ́ nǹkan kan," ló wí. "Àgbá mélòó lo tún fẹ́?"

Ọkọ àbúrò mi ló yára dáhùn: "Mẹ́ta, sà."

"Ta ló bi yín?" Àbúrò mi kọjú sí ọ̀gá. "Mẹ́fà ni, sà."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín, ó sì na ife rẹ̀ sí àbúrò mi pé kí ó tún bu sí i.