Bàtà Tó Kù Lẹ́nu Ọ̀nà

Jímọ̀ tó kọjá ni mo jí bàtà Alájì Mutala lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí wa ní Alajo. Ẹsẹ̀ òsì bàbá náà kúrú, torí náà bàtà òsì ga ju ọ̀tún lọ. Ta ni mo fẹ́ tà á fún?

Lónìí, bí wọ́n ṣe ń kírun, mo dá a padà síbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ṣófo, mi ò fura.

Nígbà tí wọ́n jáde, kálukú yọ bàtà tirẹ̀ nínú ọ̀rá. Nítorí tèmi, ẹnikẹ́ni ò fi bàtà sílẹ̀ níta mọ́. Alájì wọ sílípáàsì, ó tiro kọjá, kò tilẹ̀ wo ilẹ̀. Gbogbo wọn lọ tán, ó ku èmi àti bàtà.

Mo gbé e, mo sáré tẹ̀lé Alájì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́!"

Ó yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Kò tíì wo ọwọ́ mi.