Àwọn Tó Gbẹ́ Sàréè Kúlúsúmù

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Kúlúsúmù ni ara ọkọ rẹ̀, Bùrẹ́ímọ̀, ò ti balẹ̀ mọ́. Bó jókòó, a dìde. Bó dìde, kò mọ ibi tó ń lọ.

Bíríkìlà ni n'Ìbàfò, ará apá Ọ̀ṣun. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ ò yọjú. Wọ́n ní kì í wá sípàdé. Ẹgbẹ́ bíríkìlà ló gbẹ́ sàréè nínú òjò. Láti ọjọ́ náà ló ti fi wọ́n ṣe ẹbí, tó sì kẹ̀yìn sí ará ìlú rẹ̀ gbogbo.

Ìdí nìyí tí kò fi jiyàn nígbà tí Sùlèímọ́nù, alága ẹgbẹ́, ní kó ṣáájú àwọn lọ sí Mowe. Ọmọ ìlú rẹ̀ kan, Hàkímù, ń mọlé níbẹ̀ láìwọ ẹgbẹ́. Wọ́n fẹ́ gba irinṣẹ́ rẹ̀.

Sùlèímọ́nù sọ fún Bùrẹ́ímọ̀ pé, "Bàbá Mùíbì, òní la ó mọ̀ bóyá tiwa lẹ̀ ń ṣe."

Láwàl, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́, fi kún un pé, "Tó bá sunkún, ẹ má bá a sun ún o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Hàkímù ń po sìmẹ́ǹtì. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bùrẹ́ímọ̀.

"Bàbá, mo bẹ̀ yín nígbà kan pé kẹ́ ẹ dúró fún mi kí n lè wọ ẹgbẹ́."

"N ò mọ̀ ọ́." Bùrẹ́ímọ̀ já ṣọ́bìrì gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Irin rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi igi tútù ṣe ọwọ́ rẹ̀ ni. Bùrẹ́ímọ̀ rántí. Ṣọ́bìrì kan ṣẹ́ nínú kòtò lọ́jọ́ ìsìnkú. Ẹni tó ni ín di irin rẹ̀ mú, ó ń fi wa ilẹ̀ lọ. Nínú òjò yẹn, ta ló wojú ta?

"Níbo lèyí ti ṣẹ́?"

"Ẹ̀yin náà mọbẹ̀, bàbá."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ṣé torí kí n lè máa sọ ọ́ ni mo ṣe gbẹ́ ẹ ni?"

Sùlèímọ́nù pariwo látẹ̀yìn: "Bàbá Mùíbì, àbí ẹ ti ń ki ara yín ni?"

Bùrẹ́ímọ̀ dá ṣọ́bìrì padà fún Hàkímù. Ó sọ àpò irinṣẹ́ tirẹ̀ kalẹ̀ níwájú alága.

"Òun náà wà nínú kòtò Kúlúsúmù pẹ̀lú yín. Mo dúró fún un. Bẹ́ ẹ bá máa gba tiẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gba tèmi."

Ẹ̀rín tán. Sùlèímọ́nù wo àpò, ó wo Láwàl. Láwàl ń wo igi tútù ọwọ́ ṣọ́bìrì náà, kò fọwọ́ kan àpò náà.

Bùrẹ́ímọ̀ fìdí lé búlọ́ọ̀kù, ó ń retí ohun tí wọ́n máa sọ. Kò dìde.