Ìyá Mi Wá Síbi Ẹ̀kọ́ Igi Gbígbìn

Ẹ dákun, kí a tó kó igi sínú ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní fún yín. Ọ̀gá, ẹ má bínú, ẹ wà nínú rẹ̀.

Mo lá a pé gbogbo wa wà ní ọ́fíìsì tí Ọ̀gá Akíngbémisílù ti ń kọ́ wa bí a ṣe ń gbin igi ẹ̀gbà, igi inú ẹrẹ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń di ilẹ̀ mú, sétí omi, kí òkun má baà jẹ ilẹ̀ wa tán. Ọ́fíìsì náà ń léfòó lójú òkun, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tó ń lọ. Èmi kàn fẹsẹ̀ ti bẹ́ǹṣì wa kó má baà yọ̀.

Ni ilẹ̀kùn bá ṣí, ìyá mi wọlé. Ẹ mọ̀ pé ó ti pé ọdún mẹ́fà tí a ti sin wọ́n, ẹ sì mọ̀ pé lọ́dún tó kọjá ni òkun gbé itẹ́ òkú wa lọ, tòun ti sàréè wọn. Omi ń kán lára wọn. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mọ̀ọ́mi." Mo sún fún wọn lórí bẹ́ǹṣì, bí ẹni pé wọ́n kàn pẹ́ dé ni.

"Ìbídùn, mo wá yọ̀ọ̀da ara mi fún iṣẹ́," ni wọ́n wí. "Mi ò níbi tí mo lè sùn sí mọ́."

Ìwé tí a máa ń kọ orúkọ sí wúkọ́ lórí tábìlì. Ó ní, "Ẹ má bínú, màmá. Èmi kì í gba orúkọ òkú."

Mo yíjú sí ọ̀gá kí wọ́n bá wa dá sí i. Wọ́n lanu, igbe ewúrẹ́ ló jáde. Ìwo yọ, wọ́n bọ́ sórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ igi wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ni wọ́n ń kọ́ wa lọ: "Ẹ fi ìṣísẹ̀ kan sáàárín igi kan sí èkejì." A ń kọ ọ́ sílẹ̀. Igi ẹnu wọn ń ké pé, "Ẹ̀yin ará ilé, ṣé ẹ ò rí i ni?"

A rí i. Kò sẹ́ni tó dìde.

Ìyá mi nìkan ló dìde. Wọ́n já igi tó kẹ́yìn gbà lẹ́nu ewúrẹ́, wọ́n fà mí lọ́wọ́, a jáde. Omi ti fà lọ níta. Ẹrẹ̀ dúdú nìkan ló lọ salalu. Wọ́n rì sínú rẹ̀ dé orúnkún.

"Gbìn ín síbí, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè dì mí lẹ́sẹ̀ mú."

"Mọ̀ọ́mi, yóò dùn yín."

"Èyí tí omi ń gbé mi káàkiri yìí ńkọ́? Ṣé kì í dùn mí ni?"

Mo kúnlẹ̀, mo gbìn ín. Ọwọ́ mi kan ẹsẹ̀ wọn nínú ẹrẹ̀. Ó tutù, ó rọ̀ bí iṣu tó ti rà. Mo ń tẹ ẹrẹ̀ mọ́ ọn, mo ń bi wọ́n bóyá ó ti dúró dáadáa. Nígbà tí mo gbójú sókè, igi nìkan ló kù, ewé méjì péré lórí rẹ̀. Omi sì ti ń padà bọ̀.

Bí mo ṣe jí nìyẹn. Mo na ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti wá sálúbàtà mi, ẹsẹ̀ mi bọ́ sínú omi. Òkun ti wọ yàrá mi. Ó ti gbé sálúbàtà mi dé ẹnu ọ̀nà. Mo mú un, mo gbọn omi rẹ̀ dànù, mo wọ̀ ọ́, mo sì wá bá yín níbí.

Ọ̀gá, igi mélòó ni tèmi lónìí?