Àyè Kan Lọ́dọ̀ Ìyá Oorun

Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè é ní dókítà, ó sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì lè so okùn bàtà ara rẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà. Ẹni tó bá sì fi ọgbọ̀n ọdún pàṣẹ fún ọmọ ọlọ́mọ kì í tètè mọ̀ pé àṣẹ ti tán lẹ́nu òun. Nígbà tí ọmọbìnrin yìí wá di dókítà lóòótọ́, orúkọ náà kéré lójú bàbá, ó wá fi nǹkan kún un. "Dókítà oníṣẹ́ abẹ," ló ń wí fún àwọn aládùúgbò, fún ẹni tó wá ka mítà iná, fún gbogbo ẹni tó bá ṣèèṣì kí i pẹ́ jù. "Ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i. Ọmọ mi ló máa máa la inú yín."

Nílé ìwòsàn, Dókítà Kékeré ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é, torí pé kò ga, aṣọ funfun rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Ọdún ìkọ́ṣẹ́ ló wà, ọdún kan tí dókítà tuntun fi ń yí láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù, tí gbogbo iṣẹ́ jẹ́ tirẹ̀, tí kò sì sí èyí tó kàn án nínú ọlá ibẹ̀. Bí ọdún náà bá ń parí lọ, fọ́ọ̀mù á dé. Orí fọ́ọ̀mù yẹn ni kálukú á ti kọ ẹ̀ka iṣẹ́ tó fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe: àìsàn ọmọdé ni o, ojú ni o, egungun ni o, abẹ ni o. Ẹ̀ka kan péré lèèyàn lè kọ. Bí wọn ò bá mú ọ níbẹ̀, ó di ọdún mìíràn.

Òun náà ti gbà tẹ́lẹ̀ pé abẹ lòun máa kọ. Oṣù mẹ́ta tó lò nínú yàrá iṣẹ́ abẹ ló yí i lọ́kàn padà. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń jókòó síbi orí aláìsàn, tí kì í pariwo, tí kì í sì í mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Òun ló ń kun èèyàn lóorun kí wọ́n tó là á, òun ló ń ṣọ́ èémí rẹ̀ títí wọ́n á fi rán an, òun náà ló sì ń jí i padà. Ìyá Oorun ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é. Ó ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú, sálúbàtà fífẹ̀ ló sì máa ń wọ̀, èèyàn á ti gbọ́ ìró rẹ̀ kó tó yọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé obìnrin kan wọlé tí ìfun rẹ̀ lọ́ mọ́ra. Iṣẹ́ ń lọ. Ọ̀gá Ọlọ́bẹ, olórí àwọn oníṣẹ́ abẹ, ọkùnrin arẹwà tí ohùn rẹ̀ dùn bíi ti ẹni tó fẹ́ ta nǹkan, ń sọ ìtàn tó ń pa àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ ń dún bó ṣe yẹ kó dún. Dókítà Kékeré dúró ti Ìyá Oorun, ó ń fi ọwọ́ fún àpò rọ́bà tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú aláìsàn. Ó ṣàdédé ní, "Mà, àpò yìí ti ń le."

Ìyá Oorun wo ojú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ò sọ nǹkan kan.

"Ó le báwo?"

"Bí ẹni pé nǹkan ń di ọ̀nà níwájú."

Ìyá Oorun na ọwọ́ kan àpò náà, kò sì béèrè ọ̀rọ̀ kejì. "Ẹ dúró ná!" ló wí fún Ọ̀gá Ọlọ́bẹ. Rọ́bà tó gba ọ̀fun obìnrin náà wọlé ti ká, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì ti ń dí i. Nígbà tí ẹ̀rọ fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í ké, wọ́n ti ń fa nǹkan náà jáde. Kó tó di ọ̀sán, obìnrin náà ti jí, omi ló kọ́kọ́ béèrè.

Ìyá Oorun pe Dókítà Kékeré sí yàrá tí wọ́n ń kó àgbá afẹ́fẹ́ sí. Ó jókòó lórí àpótí, ó bọ́ sálúbàtà.

"Ta ló kọ́ ọ lóhun tó o ṣe yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mà. Ó kàn dà bíi pé ọwọ́ mi ló sọ fún mi."

"Hẹn-ẹn. Mo ti kọ́ dókítà mọ́kànlá níṣẹ́ yìí. Ẹni kan péré ni mo rí tí ọwọ́ rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀, òun náà sì ti kọjá sókè òkun." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ọdún tó ń bọ̀ ló kẹ́yìn tèmi. Àyè kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi láti fi kọ́ èèyàn. Wá gbà á. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún ọ, iṣẹ́ aláìlópẹ́ ni. Ẹni tó o bá kun lóorun ò ní mọ orúkọ rẹ. Bó bá yè, ọlọ́bẹ ló gbà á là. Bó bá kú, ìwọ lo pa á. Ọjọ́ Ẹtì ni fọ́ọ̀mù ń padà. Lọ rò ó."

Kí ló fẹ́ rò? Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi ẹsẹ̀ rìn délé, kò rántí wọ ọkọ̀.

"Oorun?" ni bàbá rẹ̀ wí, bí ẹni tó jẹ òkúta mọ́ oúnjẹ. "Kí n rán ọmọ nílé ìwé láti kékeré, kó wá lọ máa kọrin oorun fún àwọn àgbàlagbà?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá. Bí ẹni yẹn ò bá sí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbé ọ̀bẹ."

"Bí ẹni tó ń ṣí géètì ò bá sí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè wọlé ìwòsàn. Ṣé wàá lọ ṣí géètì ni?"

Ìyá rẹ̀, tó ń lọ aṣọ lẹ́yìn wọn, gbé áyọ́ọ̀nù sókè. "Ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán ná."

"Ta ló ní kó má sọ ọ́?" Bàbá yíjú padà sí ọmọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Mo ti sọ fún gbogbo ayé. Kí lo fẹ́ kí n wá máa sọ báyìí?"

Ká ní ó jágbe mọ́ ọn ni, ọmọ náà ì bá rí nǹkan fi dá a lóhùn. Ohùn tó wálẹ̀ yìí ló mú un.

Kò mọ̀ pé bàbá náà ò fi mọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ kóòtù tó máa ń wọ̀ nígbà ayẹyẹ ilé ẹ̀kọ́, ó lọ rí Ọ̀gá Ọlọ́bẹ. Láti ẹnu ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ni Dókítà Kékeré ti gbọ́ ọ ní Ọjọ́bọ̀, lórí àtẹ̀gùn, níṣojú àwọn tó ń gùn ún lọ tó ń gùn ún bọ̀.

"Bàbá rẹ wá kí mi. Èèyàn iyì! Kọ orúkọ rẹ sọ́dọ̀ mi. Àyè méjì ni mo ní, ọ̀kan ti di tìrẹ."

"Ṣé ó dájú, sà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló ni ẹ̀ka náà, ṣé èmi ni àbí aládùúgbò mi?"

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ó ti fi ọ̀rọ̀ náà tan ara rẹ̀ jẹ. Àbí abẹ kì í ṣe iṣẹ́ ni? Ṣé èèyàn ò lè fẹ́ràn nǹkan tó bá yá? Ó jókòó síwájú tábìlì ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù, ó kọ "iṣẹ́ abẹ", ó buwọ́ lù ú. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, torí pé ó lè fi odindi wákàtí kan wá iṣan apá aláìsàn, yọjú wò ó láti ẹ̀yìn.

"Abẹ? Mo rò pé ọ̀dọ̀ Ìyá Oorun lò ń lọ."

"Mo ti yí i padà."

"Ṣé àyè tibẹ̀ yẹn wá ṣófo nìyẹn?"

Ó gbé èjìká sókè. Ojú ẹsẹ̀ ni Jẹ́jẹ́, ẹni tí kò tíì fi ìkánjú ṣe ohunkóhun láyé rẹ̀, fa bírò yọ.

Kò lọ sọ fún Ìyá Oorun. Bó bá gbọ́ ìró sálúbàtà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á yà sí wọ́ọ̀dù tó bá sún mọ́ ọn. Báyìí ló ṣe ń sá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, títí wọ́n fi lẹ orúkọ mọ́ pátákó.

Orúkọ méjì ló wà lábẹ́ iṣẹ́ abẹ, tirẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó kà á láti òkè dé ilẹ̀, ó tún kà á láti ilẹ̀ dé òkè. Dókítà tuntun méjì mìíràn dúró síbẹ̀ tí ẹnu wọn ò pa dé. Nígbà tí wọ́n jọ sọ̀rọ̀, wọ́n rí i pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Ọ̀gá Ọlọ́bẹ ti sọ fún pé "ọ̀kan ti di tìrẹ."

Ó bá a nínú ọ́fíìsì rẹ̀, níbi tó ti ń nu gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ìgbìmọ̀ ló pinnu," ni Ọ̀gá Ọlọ́bẹ wí. "Ká sì sọ tòótọ́, iṣẹ́ tó le ni fún obìnrin. Bó o bá lóyún láìpẹ́ yìí ńkọ́?"

Ọ̀kan nínú orúkọ méjì tí wọ́n mú, ìyàwó ọmọ Ọ̀gá Ọlọ́bẹ ni, oyún oṣù márùn-ún sì wà níkùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Dókítà Kékeré la ẹnu láti sọ ọ́. Ó rántí pé ọkùnrin yìí ló máa buwọ́ lu ìwé tí òun máa fi jáde. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ẹ ṣé! Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju àyè tó pàdánù lọ.

Ìgbà yẹn ló tó wá Ìyá Oorun lọ. Obìnrin náà ò gbójú sókè kúrò lórí oògùn tó ń tò.

"Mo dúró dè ọ́ di aago mẹ́rin lọ́jọ́ Ẹtì. Pé o ò wá, kò dùn mí. Pé o ò wá sọ fún mi ló dùn mí."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ má bínú. Bàbá mi ló..."

"Ọ̀rẹ́ rẹ ti gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ dití. Ṣùgbọ́n òun wá."

Ibi tó padà ríṣẹ́ sí ni ọ́fíìsì ìjọba kan tí wọ́n ti ń yẹ àwọn tó fẹ́ wa ọkọ̀ ńlá wò. Yàrá kan ni, àga méjì, pátákó lẹ́tà tí wọ́n fi ń dán ojú wò lára ògiri, àti òǹtẹ̀. Á wo ojú wọn, á gbọ́ àyà wọn, á lu òǹtẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ìjọba ló yá a lò fúngbà díẹ̀. Jẹ́jẹ́ máa ń pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó lè béèrè ohun tí kò lójú láti bi ọ̀gá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Á ṣàlàyé fún un, Jẹ́jẹ́ á ní, "O ṣeun, ọ̀rẹ́ mi," yóò sì fi fóònù sílẹ̀. Òun á ṣì gbé tirẹ̀ mọ́ etí fúngbà díẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n ń jẹun lọ́wọ́, bàbá rẹ̀ ní, "Lọ́dún tó ń bọ̀, abẹ náà la máa tún kọ."

"Ta ni 'a', Bàbá?"

"Kí lò ń wí?"

"Mo ní ta ni 'a'. Ẹ̀yin lẹ lọ bá ọkùnrin yẹn láìsọ fún mi. Ẹ̀yin lẹ ba tèmi jẹ́."

Ìyá rẹ̀ dáwọ́ jíjẹ dúró. Bàbá náà gbé síbí rẹ̀ lé àwo, ní pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ kọ̀wé sára pátákó.

"Mo sọ̀rọ̀. Bàbá lè sọ̀rọ̀. Mo lọ bẹ èèyàn fún ọ. Bàbá lè bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí bírò wà lọ́wọ́ rẹ, ṣé mo wà níbẹ̀?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ korò, ṣùgbọ́n tó bá ti ẹnu ẹni tó ṣẹni jáde, kò ṣe é gbé mì, kò ṣe é tu dànù. Dókítà Kékeré dìde, ó kó àwo tirẹ̀, ó sì fọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà, "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ kú ilé" ló kù láàárín òun àti bàbá rẹ̀.

Nígbà tí fọ́ọ̀mù tún dé, ó kọ ẹ̀ka ìkunnilóorun, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èsì dé láàárín oṣù méjì, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Lẹ́tà náà ní àgbà tó ń kọ́ni ti fẹ̀yìn tì, wọn ò rí ẹni rọ́pò rẹ̀, wọn ò sì ní gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sí ẹ̀ka náà títí di ìgbà tí wọn ò lè dárúkọ. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó ká a sí mẹ́rin.

Awakọ̀ kan ti jókòó síwájú rẹ̀, ó ti fọwọ́ bo ojú òsì, ó ń retí.

"Dókítà, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ máa kà á," ló wí.

Ọkùnrin náà ka pátákó láti òkè dé ilẹ̀, kò ṣi ẹyọ lẹ́tà kan. Dókítà Kékeré lu òǹtẹ̀ fún un, ó sì ní kí wọ́n pe ẹni tó kàn wọlé.